Àga Irin Kövesdi Gedeon

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Kövesdi Gedeon fi bá odò Sólyom ṣọ̀tá, odò náà kò sì fi ìgbà kankan mọ̀ pé òun ní ọ̀tá. Ní ọdọọdún, bí ìgbà ìrúwé bá ti dé tí yìnyín orí òkè sì yọ́, odò á kún, á sì gbé afárá onígi tí ó wà ní Feketepatak lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó wá gba ohun tí ó yá ni. Ní ọdọọdún, Gedeon á kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ àgbègbè Vashegy. Àwọn aláṣẹ á dá a lóhùn pé àwọn ti gbọ́, pé kí ó ní sùúrù, pé afárá ọ̀hún kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí kì í bá ṣe ti ẹnì kan, ta ni yóò tún un ṣe? Ìbéèrè yìí ni ó sọ ọkùnrin tí ó kàn ń yọ́ irin jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ di olóṣèlú.

Ọlọ́lá ni wọ́n bí Gedeon. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Hungari nígbà náà, ọlọ́lá pọ̀ bí ewé, ọlá tirẹ̀ kò sì ju ìwé awọ kan tí eku ti jẹ létí lọ, pẹ̀lú oko kékeré kan tí òkúta inú rẹ̀ pọ̀ ju ọkà lọ, àti ìléru gíga kan tí bàbá rẹ̀ mọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ìléru yìí ni ọlá gidi. Tọ̀sán-tòru ni ó ń jó. Èédú ni oúnjẹ rẹ̀, òkúta pupa inú òkè ni ọbẹ̀ rẹ̀, irin ni ó sì ń pọ̀ jáde. Irin yìí ni Gedeon àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ìkòkò, ààrò ìyáná, ọgbà ojúde àti àgbélébùú orí sàréè. Ìdílé mẹ́rìnléláàádọ́rin ni ó ń jẹun lára rẹ̀, Gedeon sì mọ orúkọ ajá ilé kọ̀ọ̀kan.

Bí irin náà yóò ṣe kọjá odò ni ìṣòro. Ìgbà òtútù nìkan ni ó rọrùn, nítorí odò á dì, wọn á sì kó irin sórí ọkọ̀ yìnyín, ìyẹn ọkọ̀ aláìlẹ́sẹ̀ tí ẹṣin máa ń wọ́ lórí odò dídì. Ìrọ̀rùn náà kò sì jìnnà sí ikú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní gbogbo àgbègbè Vashegy, kí ọmọ tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ dáadáa ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní òfin kan: bí o bá gbọ́ tí nǹkan ké "kẹ́ẹ̀!" lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, má sá, má pariwo, má wo ojú ẹnikẹ́ni, dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ni yìnyín ń gbé mì. Ẹni tí ó bá nà gbalaja, ìwúwo rẹ̀ á tàn káàkiri, yìnyín á sì fojú fò ó. Àwọn ará Vashegy kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọba, wọn kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù. Yìnyín nìkan ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún, tọmọdé-tàgbà, tolówó-tòtòṣì.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn oníṣòwò tí ń ra irin Feketepatak kọ̀wé pé àwọn kò lè máa dúró de ìgbà tí odò bá dì mọ́. Bí afárá tí odò kò lè gbé lọ kò bá dúró láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn yóò lọ máa ra irin níbòmíràn. Ìléru tí kò bá rí irin rẹ̀ tà, pípa ni wọn yóò paná rẹ̀. Bí wọ́n bá sì paná rẹ̀, ìdílé mẹ́rìnléláàádọ́rin ni yóò gbé ẹrù karí. Gedeon ti ya àwòrán afárá irin kan sórí ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣe é. Ṣùgbọ́n odò ńlá ni Sólyom. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na irin lé e lórí bí kò ṣe pé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ń jókòó ní Pozsony bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó sì ti ń ṣojú Vashegy ní Pozsony láti ọdún méjìlá ni Zádory Ignác, olówó àgùntàn, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ohùn rẹ̀ sanra jù ú lọ. Gedeon tọ̀ ọ́ lọ.

"Afárá kẹ̀?" ni Zádory wí. "Gedeon, ronú dáadáa. Tá a bá ṣe afárá, ìkookò á gba orí ẹ̀ wá jẹ àgùntàn mi."

"Alàgbà, ìkookò ti ń rìn lórí yìnyín láti ayé Nóà."

"Èyí tó ń rìn lórí yìnyín, ìgbà òtútù nìkan ló ń wá. O wá fẹ́ kó máa wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà?"

Gedeon dé fìlà rẹ̀. Ó padà sílé, ó bá Borbála ìyàwó rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì sọ fún un pé òun yóò du ipò aṣojú mọ́ Zádory lọ́wọ́.

"Ẹ dù ú," ni Borbála wí, kò gbójú kúrò nínú ẹ̀wà. "Ẹni tó bá odò jà tí odò dá a, ẹ jẹ́ kó lọ bá àgùntàn wò ó."

Ní Vashegy, wọn kì í ka ìbò. Ta ni yóò ka ohùn irinwó ọlọ́lá tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àṣà wọn ni pé kí olùdíje jókòó sórí àga, kí àwọn tí ó fẹ́ ẹ gbé e tòun tàga sókè orí, kí wọ́n sì gbé e yí gbọ̀ngàn ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹta, Akọ̀wé Pongrác, arúgbó tí ó ti ń tọ́jú ìwé òfin àgbègbè láti ogójì ọdún, á lu agogo kékeré tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni òfin sọ nípa rẹ̀: "Ẹni tí ó bá ga ju orí gbogbo ọlọ́lá inú gbọ̀ngàn lọ nígbà tí agogo bá dún, òun ni a yàn."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìdìbò wáyé nígbà tí Gedeon wọ ibi ìyọ́rin, tí ó sì pe Ondrej, olórí àwọn tí ń da irin, ọkùnrin kan tí iná ti jó irùngbọ̀n rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan láti ọdún pípẹ́, tí kò sì fá ìyókù.

"Ondrej, irú àga wo ni wọ́n fi gbé Zádory nígbà tó wọlé?"

"Àga igi ni, ọ̀gá. Àga ilé ọtí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan tiẹ̀ kúrú."

"Ó dáa. Èmi tí mò ń yọ́ irin jẹun, ṣé àga igi ló yẹ kí wọ́n fi gbé mi?"

Ondrej wo ìléru, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tún wo ìléru bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ yóò ti wá. "Ọ̀gá, gbígbé ni wọ́n máa gbé e o. Kì í ṣe jíjókòó nìkan."

"Ṣé ẹ̀yin ò ń gbé irin lójoojúmọ́ ni?"

"Àwa ń gbé e. Ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ káwa wọlé. Ọlọ́lá ló ń yan aṣojú, ọlọ́lá ló sì ń gbé àga. Ohun tó wúwo jù táwọn yẹn tíì gbé rí ni ife ọtí."

"Tí wọ́n bá rí irin mi, wọ́n á rí afárá mi," ni Gedeon wí, ojú rẹ̀ sì ń dán. Nígbà tí ojú Gedeon bá ń dán báyìí, Ondrej mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹni tí ó bá ń da irin mọ̀ pé irin máa ń súnkì bí ó bá ń tutù. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ fi igi gbẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí wọn yóò tẹ̀ sínú yanrìn, wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ kí ó fi díẹ̀ tóbi ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó rí lọ. Gedeon ti mọ èyí kí ó tó mọ ìwé kà. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n àyà ń dun gbẹ́nàgbẹ́nà, ọjọ́ sì ń lọ. Àti pé, kí a má purọ́, ayọ̀ ti gba ọpọlọ rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n po yanrìn kí ó rọ̀ dáadáa, ó sì fúnra rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀ ṣìn-ìn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kíní-kejì bí ọba.

Bí Borbála ṣe wọlé nìyẹn, oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ondrej, kí ni baálé mi ń ṣe nínú yanrìn?"

"Ó ń jókòó nítorí ìlú, ìyá wa."

"Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ó ti pẹ́ tí ìlú ti ń jókòó lé e lórí." Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. "Ẹ ṣáà rántí pé irin ń súnkì."

"Borbála," ni Gedeon wí láti inú yanrìn, "nínú èmi àti ìwọ, ta ló ń da irin?"

"Ẹ̀yin ni. Ta ló ń rán ṣòkòtò yín?"

"Ìwọ ni."

"Èmi náà ti mọ díẹ̀ nípa ohun tó ń súnkì àti ohun tó ń fẹ̀."

Gedeon rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tú irin sí i ní kété tí òun bá dìde.

Àga náà jáde, ó sì lẹ́wà dé ibi tí ó ń dẹ́rù bani. Ẹsẹ̀ kìnnìún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ewé àjàrà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, òòlù àti àgùntàn tí ó jẹ́ àmì àgbègbè sì wà lókè. Mázsa mẹ́ta ni ìwọ̀n rẹ̀, bí ẹlẹ́dẹ̀ méjì tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ de Kérésìmesì. Gedeon kò jókòó lé e. Ó ní èèwọ̀ ni kí ènìyàn jókòó sórí ipò tí wọn kò tíì fi í sí. Ọjọ́ mẹ́jọ tí ó kù, àwọn olùdìbò ni ó fi ń ṣe àlejò ní ilé rẹ̀: kábéèjì tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kún inú rẹ̀, ìyẹ̀fun bíbọ̀ tí wọ́n bu wàràkàṣì àgùntàn lé lórí, ọtí pálinka tí ó ń jó ọ̀fun bí iná. Bí onílé kò bá kọ́kọ́ tọ́ gbogbo ìkòkò wò, àlejò kò ní í jẹ. Bí onílé bá sì ní òun ti yó, àlejò á ní onílé ń ṣahun. Báyìí ni irin ṣe ń súnkì nínú àká tí Gedeon sì ń fẹ̀ nídìí tábìlì, láìsí pé ọ̀kan mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, wọ́n gbé àga náà sórí ọkọ̀ yìnyín, wọ́n sì dá ojú ẹṣin kọ odò. Gedeon, Borbála, Ondrej àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dé àárín odò gan-an nígbà tí yìnyín ké.

"Kẹ́ẹ̀!"

Gbogbo wọn nà gbalaja. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ, kò sì sí ẹni tí ó ronú. Ẹṣin kò lè dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú, nítorí ọmọ Vashegy ni òun náà. Àga irin nìkan ni ó dúró ṣánṣán lórí ọkọ̀ ní àárín odò, ó kọjú sí ìlú Kővár níbi tí ìdìbò wà, bí ẹni tí kò mọ ohun tí ń da àwọn yòókù láàmú. Gedeon fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé yìnyín, ó ń gbọ́ bí odò ṣe ń lọ nísàlẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá wọlé lónìí, kò sí ẹni tí yóò tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́ ohùn odò yìí mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà láti orí ikùn wọn títí tí wọ́n fi dé èbúté.

Gbọ̀ngàn Kővár ti kún nígbà tí wọ́n dé. Irinwó ọlọ́lá ni ó wà níbẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ lórí fìlà, pálinka lórí ahọ́n, gbogbo wọn sì ń pariwo. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dá Ondrej àti àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibi ojú fèrèsé ni wọ́n gbà máa wòran, Borbála pẹ̀lú wọn. Ogún ọlọ́lá tí ń ṣe ti Gedeon fi igi róbótó sábẹ́ àga, wọ́n yí i wọlé, ilẹ̀ onípákó sì ń kérora lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó! Wọ́n ti gbé Zádory!"

Òótọ́ ni. Mẹ́fà péré ni wọ́n fi gbé Zádory, ó sì fúyẹ́ débi pé wọ́n ní láti máa fà á sílẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà fò lọ. Gedeon yára jókòó. Àga náà ti sùn mọ́jú nínú òtútù, ó sì ti rìn lórí yìnyín. Ó tutù bí ojú òkú. Bí ìdí Gedeon ṣe kàn án, nǹkan dún "pọ́!", ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò dára.

Mẹ́jọ gbé e. Kò mì. Mẹ́rìndínlógún gbé e. Ẹni kan tú bọ́tìnì.

"Ẹ gbé mi!" ni Gedeon ń ké.

"À ń gbé yín, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin lẹ ò gbéra!"

Zádory ń kọjá lókè, ó ti parí yíyí ẹ̀ẹ̀kíní. Ó bojú wolẹ̀. "Gedeon! Ṣé àga lo gbé wá ni àbí sàréè?"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ti Gedeon bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde ná. A ó fi àga ilé ọtí gbé yín, ó wà níbí."

"Mi ò lè dìde."

"Kí ló dé?"

"Ó ti dì mí mú."

"Kí ló dì yín mú?"

"Àga ni! Rọra sọ̀rọ̀."

"Àga dì í mú!" ni ọkùnrin náà ké sí àwọn yòókù, kí wọ́n lè wá ràn án lọ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́. Ẹ̀rín náà tún le sí i. Láti ojú fèrèsé, Gedeon gbọ́ ohùn kan tí ó mọ̀ dáadáa: "Mo ṣáà sọ pé irin ń súnkì."

Zádory ti parí yíyí ẹ̀ẹ̀kejì. Akọ̀wé Pongrác na ọwọ́ sí agogo, ó ń dúró. Gedeon kò rí Zádory mọ́, kò sì gbọ́ ẹ̀rín. Ìléru ni ó ń rí, tí ẹnu rẹ̀ dúdú, tí ẹyẹ kọ́ ilé sínú rẹ̀, àti ẹrù àwọn ìdílé náà lórí ọkọ̀, àwọn ajá tí ó mọ orúkọ wọn ń tẹ̀lé e. Gbogbo rẹ̀ nítorí pé òun fẹ́ kí wọ́n gbé òun lórí ewé àjàrà.

"Igi lẹ máa fi sábẹ́ ẹ̀!" ni Ondrej ké láti ojú fèrèsé. "Ẹ fi bẹ́ǹṣì gbé e láti ìsàlẹ̀! Ẹ má fi ẹ̀yìn ṣe é, orúnkún ni!"

"Ta ló ń pàṣẹ fún ọlọ́lá?" ni ẹnì kan bi í.

"Irin ló ń pàṣẹ, ẹ̀yin àgbà! Èmi kàn ń jíṣẹ́ ẹ̀ ni!"

Wọ́n ti bẹ́ǹṣì gígùn kan bọ abẹ́ àga, wọ́n ki igi róbótó sábẹ́ bẹ́ǹṣì náà, mẹ́rìndínlógún sì jókòó sí òpin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyanu ṣẹlẹ̀: Gedeon gbéra. Ó gbéra ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó tún tó méjì. Nígbà náà ni bẹ́ǹṣì dá. Àga irin, ẹsẹ̀ kìnnìún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òòlù, àgùntàn àti Gedeon já lulẹ̀ gbì, pákó tí ó wà lábẹ́ gbogbo wọn sì là láti ògiri dé ògiri.

"Kẹ́ẹ̀!"

Kò sí ohùn kan láyé tí ará Vashegy mọ̀ tó ìyẹn. Irinwó ọlọ́lá dọ̀bálẹ̀. Wọn kò sá, wọn kò pariwo, wọn kò wo ojú ara wọn. Ìyẹ́ orí fìlà wọn lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọkà tí afẹ́fẹ́ tẹ̀. Àwọn mẹ́fà tí ó gbé Zádory nà gbalaja láìrántí ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Zádory fúnra rẹ̀, kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ti nà tàntàn nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó kanlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé Pongrác dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Níta, Borbála, Ondrej àti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì dídì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ gidi ni wọ́n wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dọ̀bálẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò gbìyànjú. Gedeon fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ara rẹ̀ síwájú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, òógùn bò ó, ẹ̀rù ikú sì bà á. Ṣùgbọ́n irin kò gbà. Ó jókòó ṣánṣán láàárín gbọ̀ngàn, ojú rẹ̀ pupa, ó ń wo irinwó ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, Akọ̀wé Pongrác gbé orí sókè ní ìwọ̀n ìka kan, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò lè sinmi níbi tí ìwé òfin bá wà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo àga irin. Ó sì lu agogo.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lu agogo?" Ohùn Zádory ni, ó ń jáde láti abẹ́ ẹnì kan.

"Yíyí ẹ̀ẹ̀kẹta ti parí. Ibi tẹ́ ẹ wó sí yẹn gan-an lẹ ti bẹ̀rẹ̀." Akọ̀wé ka òfin náà láìwo ìwé. "Ẹni tí ó bá ga ju orí gbogbo ọlọ́lá inú gbọ̀ngàn lọ nígbà tí agogo bá dún, òun ni a yàn. Mo ti wò ó. Orí kan péré ni mo rí."

"Ẹnikẹ́ni ò gbé e!"

"Òfin ò sọ pé kí wọ́n gbé e. Àṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní àṣà nínú àpótí mi, ìwé òfin ni mo ní."

"Mo takò ó!"

"Ó dáa, alàgbà. Ẹ dìde. Orí ìdúró la ti ń takò ní gbọ̀ngàn yìí, ojú ìwé kejìlá."

Zádory gbé orúnkún kan. Pákó ní "kẹ́ẹ̀". Zádory dá orúnkún náà padà síbi tí ó ti mú un.

"Ta ló takò?" ni Akọ̀wé Pongrác bèèrè lọ́wọ́ ilẹ̀. Ó dúró pẹ́, nítorí olódodo ènìyàn ni. "Kò sẹ́ni tó takò. Kövesdi Gedeon, ẹ kú oríire."

Wọ́n rá jáde ní méjì-méjì, ọlọ́lá gbogbo, wọ́n sì ń bẹ ara wọn pé "ẹ máa lọ ná, ẹ̀gbọ́n" lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ku aṣojú tuntun àti Akọ̀wé nínú gbọ̀ngàn. Ondrej rá wọlé bá a, bíríkì gbígbóná mẹ́rin nínú garawa, Borbála rá tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Akọ̀wé Pongrác, tí ó fẹ́ gba ìbúra lẹ́nu Gedeon kí ọjọ́ tó lọ, wò wọ́n láti ilẹ̀.

"Ondrej, ìwọ kì í ṣe ọlọ́lá. Òfin ní o ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn yìí."

"Ikùn ni mo fi kàn án, alàgbà."

Akọ̀wé ronú sí i, kò rí ibi tí òfin ti sọ̀rọ̀ ikùn. Báyìí ni Gedeon ṣe búra fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, bíríkì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan kíní-kejì kí irin lè fẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣàn sí ṣòkòtò rẹ̀. Bí ó ṣe pe orúkọ ọba ni àga jọ̀wọ́ rẹ̀.

"O ò ní sọ ọ́?" ni ó bi Borbála nígbà tí wọ́n ń rá lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo ti sọ ọ́ lójú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kan tó."

Ọdún méjì ni ó lò ní Pozsony, ó sì mú àwọn aṣòfin lágara. Bí wọ́n bá ń jíròrò lórí wáìnì, Gedeon á dìde bèèrè bí wáìnì náà yóò ṣe kọjá odò. Bí wọ́n bá ń jíròrò lórí ilé-ẹ̀kọ́, á bèèrè bí àwọn ọmọ yóò ṣe kọjá odò. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dárò ọmọ-aládé kan tí ó kú, bí ó ṣe dìde báyìí ni gbogbo ilé ké lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ti fọwọ́ sí i, kí ó ṣáà jọ̀ọ́ jókòó.

Feketepatak ni wọ́n ti da gbogbo irin afárá náà. Okùn àti ọ̀pá ni Gedeon fi wọn àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìsúnkì. Nígbà tí irin kò tó ní ìparí, wọ́n gbé àga náà jáde láti inú àká, wọ́n sì jù ú sínú ìléru tòun tẹsẹ̀ kìnnìún. Òun ni ó di ọ̀pá àárín.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá náà, kí ọdún mẹ́ta tí àwọn oníṣòwò dá tó pé, òtútù mú débi pé èémí ń dì lẹ́nu. Gbogbo àgbègbè ni ó wá, Zádory náà wá, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí ń ṣọ́ ìkookò. Gedeon wọ ẹ̀wù tuntun, ó ṣáájú. Borbála wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àkàrà ẹran. Ondrej, Akọ̀wé Pongrác àti àwọn àgbààgbà tẹ̀lé wọn. Wọ́n dé àárín. Irin tí òtútù mú súnkì díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Kẹ́ẹ̀!"

Afárá náà kò mì rárá. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó yí padà. Zádory, Ondrej, Akọ̀wé Pongrác, bíṣọ́ọ̀bù tí ó wá súre fún afárá pàápàá, gbogbo wọn nà gbalaja. Gedeon náà nà, ẹ̀wù tuntun lábẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé, òun ni ó mọ̀ jù pé irin tí ó bá súnkì kò túmọ̀ sí irin tí ó fẹ́ dá. Ó mọ̀ ọ́n, ó tún un sọ fún ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì dá a lóhùn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin, ó ń wo ìsàlẹ̀ láti àárín ọ̀pá méjì. Odò Sólyom ń kọjá lọ lábẹ́ yìnyín rẹ̀, kò gbé ohunkóhun.

Borbála nìkan ni kò dọ̀bálẹ̀. Ó ní àkàrà lọ́wọ́. Ó wo gbogbo wọn, ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá láìtẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, títí tí ó fi dé òdì kejì.

"Ẹ máa bọ̀ o," ni ó ké láti ibẹ̀. "Oúnjẹ ń tutù."

Akọ̀wé Pongrác gbé orí sókè ní ìwọ̀n ìka kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo Borbála tí ó dúró gbọnrangandan lókè orí gbogbo ọlọ́lá Vashegy. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Alàgbà," ni Gedeon wí jẹ́jẹ́, láìgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lórí irin, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan agogo yẹn."